Níbo Ni Oṣó Inú Géèmù Ti Rí Iná?

Ìjiyàn kan ń lọ lọ́wọ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa tí ọ̀pọ̀ àgbà kò kà sí, nítorí pé orí fóònù ni ó ti bẹ̀rẹ̀ àti nítorí pé eré ni wọ́n fi ń pè é, ṣùgbọ́n èmi tí mo ti fetí sí i ní ìsàlẹ̀ àwọn òkè Ìdáàṣà, ìlú tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Dassa-Zoumè, Ìdáàṣà ọmọ olókè mọ́kànlélógójì, ilẹ̀ àwọn Ọmọjagun, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bí ẹnu ọmọdé ti ń sọ ọ́ lọ. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni èyí: nígbà tí oṣó inú géèmù bá na ọ̀pá rẹ̀ sókè, tí ó pe gbólóhùn kan péré, tí iná sì tú jáde láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ó jó odindi ọmọ ogun di eérú, níbo ni iná náà ti wá? Apá kan nínú àwọn ọmọ náà a máa wí pé kò sí ohun tí ó ń ti ibi tí kò sí nǹkan wá, pé ìwé físíìsì tí olùkọ́ ń kà fún wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ènìyàn kì í dá agbára, kì í sì í pa á run, ó kàn ń ti inú àwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn ni, nítorí náà oṣó tí ó bá tú iná láìní epo, láìní igi, tí inú rẹ̀ kò sì yó, irọ́ ni ó ń pa. Apá kejì a fèsì pé idán ni idán ń jẹ́, pé ẹni tí ó bá fẹ́ tú inú idán wò ti ba eré jẹ́ fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ẹlòmíràn.

Èmi wà lẹ́yìn àwọn tí ń béèrè. Mo gbà pé ìbéèrè wọn tọ́, mo sì gbà pé ó yẹ kí àgbà bá wọn dá sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kò gbà pé ibi tí wọ́n máa ń gúnlẹ̀ sí ni ó yẹ kí ìbéèrè náà gúnlẹ̀ sí.

Ìjiyàn yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons, eré tí a kò fi kọ̀ǹpútà ta ní ìbẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe pẹ̀lú ìwé, pẹ́ńsù, dáìsì àti ẹnu tí ó mọ ìtàn sọ, láti ara rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù oṣó tí ó wà lónìí ti ṣẹ̀. Nínú òfin àtijọ́ ti eré náà, bí oṣó bá ju iná rẹ̀ sínú ibi tóóró, iná náà kò ní dúró síbi tí a jù ú sí, ṣùgbọ́n yóò máa wá àyè kiri títí yóò fi gba àyè tí ó tó ẹsẹ̀ 33,000 nígbà tí a bá sọ òró, ìbú àti gíga rẹ̀ di púpọ̀ lára wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí òṣèré tí kò bá mọ ìṣirò dáradára yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó ara rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mànàmáná tí oṣó bá sì rán níṣẹ́ a máa ta padà bí ó bá kọlu ògiri. Láti ìgbà náà ni ìṣirò ti wọ inú idán, àwọn òṣèré sì ti ń jókòó yí tábìlì ká láti ìgbà náà wá, tí wọ́n ń béèrè bóyá iná náà gbóná tó láti yọ́ wúrà, bóyá ìmọ́lẹ̀ tí oṣó fi sára òkúta lè mú irúgbìn hù, bóyá dígí lè dá mànàmáná padà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tẹ̀lé àwọn oníṣirò lọ, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ dùn ún rìn. Ìwọ̀n tí ayé fi ń wọn agbára lónìí ni júùlù, láti inú orúkọ James Prescott Joule, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ apọntí, ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n ní nǹkan bí ọdún 1845 pé iṣẹ́ tí a ṣe kì í sọnù, pé ooru ni ó ń dà; ní àkókò kan náà, Julius Robert Mayer, dókítà ará Jámánì tí ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Jáfà, ti ń ro irú èrò bẹ́ẹ̀ láti inú àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ àwọn atukọ̀ tí ó ń tọ́jú. Oúnjẹ òòjọ́ àgbàlagbà kan, bí a bá kà á sí 2,000 kílókálórì, agbára tí ó wà nínú rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù júùlù mẹ́jọ. Bí oṣó wa bá lè kó gbogbo rẹ̀ jáde láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láìsí èyí tí ó ṣòfò, ohun tí yóò rí fi ṣe kò ju pé kí ó gbé omi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan kúrò ní títútù òwúrọ̀ dé híhó lọ, kò sì ní ku ohunkóhun tí yóò fi mí tàbí tí yóò fi gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ọ̀tá yóò wẹ omi gbígbóná, wọn yóò sì máa bọ̀. Ní ti ẹni tí ó bá fẹ́ rán àrá bí Olúkòso ọkọ Ọya, àwọn onímọ̀ ń fojú bù ú pé mànàmáná kan ṣoṣo gbé agbára tí ó tó bílíọ̀nù júùlù kan, èyí tí ó jẹ́ oúnjẹ nǹkan bí oṣù mẹ́rin fún ènìyàn kan, tí a gbọ́dọ̀ ná tán kí ojú tó ṣẹ́.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé àwọn òkè Ìdáàṣà fúnra wọn ní ohun tí wọ́n lè kọ́ wa. Ẹni tí ó wúwo tó kílógíráàmù 60, tí ó gun òkè tí ó ga ní 200 mítà, nígbà tí yóò bá fi dé orí àpáta, iṣẹ́ tí ó ti ṣe láti gbé ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀ tó nǹkan bí 118,000 júùlù. Yóò laagùn, yóò mí gule-gule, orúnkún rẹ̀ yóò sì jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ gbogbo iṣẹ́ náà di ooru, omi tí ó lè mú hó kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lítà kan lọ, tí kò tó omi tí àlejò yóò fi pa òùngbẹ. Láti inú èyí ni ènìyàn ti mọ̀ pé ooru jẹ́ ohun ọ̀wọ́n, pé ẹni tí ó bá ń fi iná jagun ń ná ju ẹni tí ó ń fi apá jagun lọ lọ́nà tí kò ṣe é fẹnu sọ. Agbára tí onítọ̀hún fi gun òkè kò sì sọnù; ó wà níbẹ̀, ó fara pamọ́ sínú gíga tí ó gùn. Nígbà tí ogun Dáhómì ń gbógun ti àwọn ará Ìdáàṣà, tí wọ́n fi òkè ṣe odi, tí wọ́n fi ihò àpáta ṣe ilé, ẹni tí ó wà lókè ti san gbèsè tirẹ̀ ṣáájú, ọ̀tá tí ó ń ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ bọ̀ ni ó kù tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa san án ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹrù ogun lórí. Bí mo bá jẹ́ ẹni tí ń ṣe géèmù, ibẹ̀ gan-an ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀: oṣó tí ó gun òkè lówùúrọ̀ yóò ní ohun tí yóò fi jà ní ìrọ̀lẹ́, èyí tí ó sùn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò ní í ní nǹkan kan.

Àwọn tí wọ́n ní kí a fi idán sílẹ̀ kí ó máa jẹ́ idán yóò sọ pé mo ti ń pa eré. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mo bi wọ́n pé, idán ti ta ni wọ́n ń gbèjà? Nítorí pé ní ilẹ̀ wa yìí, láti Ìdáàṣà dé Ṣábẹ̀ẹ̀, láti Kétu dé Ọ̀yọ́, kò sí ìgbà kan rí tí àwọn baba wa pe oògùn ní ohun ọ̀fẹ́. Egbé tí ń gbé ni kúrò nínú ewu ní èèwọ̀ tirẹ̀. Kánàkò tí ń ká ọ̀nà jíjìn kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ó bá ti ba òfin rẹ̀ jẹ́. Ọfọ̀ tí a pè láìjúbà, tí a kò sì mọ orúkọ ewé àti ìpilẹ̀ ohun tí à ń pè, ariwo lásán ni. Ewé wà tí a ó já kí oòrùn tó yọ, ètùtù wà tí a ó ṣe, oúnjẹ wà tí a ó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, obìnrin tàbí ọkùnrin wà tí a kò ní bá sùn. Kò sí bí a ṣe lè ṣe Ifá kí ó má hùwà èkùrọ́, kò sì sí bí a ṣe lè ṣe oògùn Yorùbá kí ó má béèrè ohun kan lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lò ó. Ọdẹ inú ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938, ọdún 36 kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó gbé eré tiwọn jáde, kò wọ igbó lọ́wọ́ òfo. Nítorí náà, idán tí kò ní iye owó, tí ọmọ kan fi ìka tẹ bọ́tìnnì tí iná sì tú jáde láìsí ohun tí ó dín lára ẹni tí ó tú u, àlejò ni ó jẹ́ nínú àṣà wa, àwọn tí ń gbèjà rẹ̀ ní orúkọ àṣírí àti àwámárìídìí kò sì mọ̀ pé àwọn baba wa ni wọ́n ń bá jiyàn.

Ó dùn mọ́ mi nínú pé ẹnì kan ní Áfíríkà ti gbìyànjú láti dáhùn. Ní ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ Kiro'o Games, ní ìlú Yaoundé ní Kàmẹ́rúùnù, gbé géèmù kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Aurion: Legacy of the Kori-Odan, nínú èyí tí ọmọ ọba kan, Enzo, ń fi agbára tí wọ́n ń pè ní Aurion jà, agbára tí ó ń wá láti inú ogún tí àwọn baba ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀. Onífísíìsì lè rẹ́rìn-ín sí i, nítorí pé a kò lè fi júùlù wọn ogún baba ẹni, ṣùgbọ́n mo rí ohun kan níbẹ̀ tí n kò rí nínú ọ̀pọ̀ géèmù Òyìnbó àti ti Japan: a sọ ibi tí agbára náà ti wá fún òṣèré, a sì sọ ẹni tí ó kó o jọ kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí ń ná an.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ wá ṣòro ju ti iná lọ, níbẹ̀ ni mo sì ti rí i pé àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìmọ́lẹ̀ ń rin kìlómítà 299,792 ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; Ole Rømer, ará Dẹ́ńmákì, ni ó kọ́kọ́ fi hàn ní 1676, láti inú ìrìn àwọn òṣùpá tí ń yí Júpítà ká, pé ìrìn rẹ̀ ní àkókò tí ó ń gbà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó ń yọ lẹ́yìn òkè Ìdáàṣà ti kúrò lára oòrùn fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí ó tó dé ojú wa, ṣùgbọ́n láti Ìdáàṣà dé Kútọnu, ìrìn nǹkan bí igba kìlómítà, kò gbà á tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ wá wo akíkanjú inú géèmù tí oṣó ta ìmọ́lẹ̀ sí, tí ó rí i tí ó ń bọ̀, tí ó sì yẹ̀ ẹ́. Pẹ̀lú kí ni ó fi rí i? Ohun tí ń mú ìròyìn wá sí ojú ni ìmọ́lẹ̀, kò sì sí ìròyìn tí ó lè yára jù ú lọ tí yóò fi ṣáájú rẹ̀ wá kìlọ̀ pé ó ń bọ̀. Àkókò tí a rí i ni àkókò tí ó ti kàn wá. Àrá ọ̀run ni ó fún wa ní àyè ìgbọ́kànlé, nítorí pé lẹ́yìn tí mànàmáná bá ti kọ lókè, ìró rẹ̀ ṣì ń rìn bọ̀, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, tí ọmọ tí ó wà nísàlẹ̀ òkè fi lè ka iye kí ó sì mọ bí àrá ti jìnnà sí òun tó. Ẹni tí ó gbọ́ àrá ti bọ́ lọ́wọ́ mànàmáná yẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó gbà mí lọ́kàn jù lọ ni ti àféèrí. Ẹ mọ̀ pé nínú àwọn géèmù wọ̀nyí, ohun tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí oṣó pa ara rẹ̀ rẹ́ lójú ọ̀tá, kí ìmọ́lẹ̀ máa gba inú ara rẹ̀ kọjá tàbí kí ó máa yà bá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kí òun sì máa rìn láàárín wọn, kí ó máa rí gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe. Láti ìgbà tí H. G. Wells ti kọ ìwé rẹ̀ lórí ọkùnrin tí a kò lè rí ní ọdún 1897 ni àwọn onífísíìsì ti ń bi í ní ìbéèrè kan tí kò ní ìdáhùn rere: ojú wo ni onítọ̀hún fi ń ríran? Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni Ibn al-Haytham ti fi hàn ní Káírò pé ojú kì í rán ohunkóhun jáde lọ kan ohun tí ó ń wò, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ti ara nǹkan wọ inú ojú, tí ó sì ń dúró síbẹ̀. Bí ojú bá gba ìmọ́lẹ̀ dúró, ojú náà kò lè jẹ́ ohun tí a kò rí. Ọ̀tá yóò rí ẹyin ojú méjì tí ń rìn lójú ọ̀nà. Bí kò bá gbà á dúró, afọ́jú ni oṣó náà. Ní ọdún 2006, ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, David Smith àti David Schurig, tí wọ́n bá John Pendry ti Lọ́ńdọ̀nù ṣiṣẹ́ pọ̀, ṣe òrùka kan tí ó ń mú ìgbì tí ó jẹ́ ẹbí ìmọ́lẹ̀, irú èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ tí ń mú oúnjẹ gbóná, yà bá ẹ̀gbẹ́ ohun tí ó wà láàárín rẹ̀ lọ, bí ẹni pé nǹkan náà kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà láàárín náà wà nínú òkùnkùn ní ti ìgbì yẹn, nítorí pé ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè sọ ìròyìn fún un.

Ṣé kí a wá ju àféèrí nù ni? Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ lọ fetí sí ìtàn àwọn ọdẹ wa dáradára, ẹ ó gbọ́ pé ọdẹ tí ẹranko tàbí ọ̀tá lé dé ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó di ọ̀gán, tàbí ó di kùkùté igi, ọ̀tá sì wò ó títí, ó sì kọjá lọ. Kò sí ibi tí a ti sọ pé ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ìmọ́lẹ̀ kàn án, ó ta padà, ó dé ojú ọ̀tá. Ọ̀tá rí nǹkan, ohun tí ó rò pé òun rí ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdẹ náà ń ríran nítorí pé ojú rẹ̀ ṣì ń gba ìmọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti ẹnikẹ́ni. Gbogbo òfin ìmọ́lẹ̀ dúró ní pípé, ọkàn ẹni tí ń wò nìkan ni oògùn náà ṣiṣẹ́ lé. Mo sọ ọ́ ní gbangba pé àféèrí àwọn ọdẹ wa sàn ju aṣọ àìrí ti àwọn géèmù Òyìnbó lọ ní ojú físíìsì, ó sì sàn ní ojú eré pẹ̀lú, nítorí pé òṣèré yóò ní láti dúró jẹ́ẹ́, kí ó yan ohun tí yóò dà, kí ó sì bẹ̀rù ajá tí ń gbóòórùn.

Mo ti gbóríyìn fún àwọn oníṣirò, ó yẹ kí n sì bá wọn wí. Wọ́n yára jù láti sọ pé físíìsì kọ nǹkan kan, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwé kíláàsì wọn nìkan ni kò tíì dé ibẹ̀. Mo ti gbọ́ tí wọ́n fi ìdánilójú sọ pé ìmọ́lẹ̀ oṣó tí kò jó ọwọ́ kò lè sí láéláé, pé níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, ooru gbọ́dọ̀ wà. Kí wọ́n jáde lálẹ́ ní àkókò òjò, kí wọ́n mú tanátaná kan sí àtẹ́lẹwọ́. Kòkòrò náà ń tàn láti inú ohun tí ó wà nínú ikùn rẹ̀ àti atẹ́gùn tí ó ń mí sínú, kò sì gbóná. Gílóòbù àtijọ́ tí a fi tan ilé wa ń sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná tí a ń sanwó fún di ooru tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, ṣùgbọ́n iná LED tí ó wà nínú tọ́ọ̀ṣì àti nínú fóònù lónìí kò ná ju díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ. Àwọn ará Japan mẹ́ta, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014 nítorí èyí tí ó ní àwọ̀ búlúù, tí ó jẹ́ kí iná funfun lè ti ara rẹ̀ wá. Àwọn oníṣirò wa tún ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ kì í tẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, ní erékùṣù Príncipe, nínú òkun tí ó fọ ẹsẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí kan náà, Arthur Eddington ya àwòrán àwọn ìràwọ̀ tí ó wà nítòsí oòrùn nígbà tí òṣùpá bò ó mọ́lẹ̀, a sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ wọn tẹ̀ bí ó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá, gẹ́gẹ́ bí Albert Einstein ti wí.

Einstein yìí kan náà ni ó sọ ní 1905 pé ìwúwo nǹkan fúnra rẹ̀ jẹ́ agbára tí ó dì. Ẹ jẹ́ kí n fi iye rẹ̀ hàn pẹ̀lú ohun tí ó wà ní ilẹ̀ wa. Ní Illoulofin, ní ẹ̀bá Pọ́bẹ̀, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣí ibi tí a ti ń fi oòrùn ṣe iná mànàmáná ní ọdún 2022, agbára rẹ̀ sì jẹ́ mẹgawáàtì 25 nígbà tí oòrùn bá mú jù. Agbára tí ó dì sínú gíráàmù kan ṣoṣo ti ohunkóhun, ìbáà ṣe iyọ̀, ìbáà ṣe èlùbọ́, bí a bá lè tú gbogbo rẹ̀, ó tó ohun tí ibi iṣẹ́ náà yóò fi ọjọ́ 41 ó lé díẹ̀ ṣe bí oòrùn kò bá wọ̀ rárá: ọjọ́ kan fún òkè Ìdáàṣà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, oṣó tí ó bá sọ pé èérún kan ni òun fi jó ìlú kò tíì tàpá sí ìwé ìṣirò. Ohun tí a ó bi í ni bí ó ṣe tú u, àti bí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe bá a lọ.

Ẹ̀rù tí ó ń ba àwọn tí ń gbèjà àwámárìídìí ni pé ìmọ̀ yóò pa ìyanu. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òjìji òṣùpá rìn láti Gánà gba Tógò, ó gba Bẹ̀nẹ̀, ó wọ Nàìjíríà, tí ọ̀sán dòru lójú ọ̀nà rẹ̀ lẹ́yìn tí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ kọjá díẹ̀ ní aago Bẹ̀nẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti mọ ìṣẹ́jú rẹ̀ ṣáájú fún ọ̀pọ̀ ọdún, rédíò ti kéde rẹ̀, a ti pín awò dúdú fún àwọn ènìyàn, síbẹ̀ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, adìyẹ wọ ilé, afẹ́fẹ́ tutù, àwọn tí ó mọ̀ àti àwọn tí kò mọ̀ sì jọ kígbe. Èmi kò tíì pàdé ẹni tí ó sọ fún mi pé nítorí pé òun ti mọ ohun tí ó fà á ni kò fi yà òun lẹ́nu.

Ohun kan tún wà tí àwọn méjèèjì máa ń gbàgbé nígbà tí wọ́n bá ń jà lórí bóyá kí ìmọ́lẹ̀ géèmù tẹ̀lé òfin. Ó ti ń tẹ̀ lé e. Àwòrán inú àwọn géèmù ńlá òde òní, dídán omi, òjìji igi, bí iná oṣó ti ń tàn sára ògiri àpáta, ìṣirò ni gbogbo rẹ̀: Turner Whitted fi hàn ní 1980 bí kọ̀ǹpútà ṣe lè tọpa ìtànṣán láti ojú òǹwòran padà sí orísun rẹ̀, James Kajiya sì kọ òfin ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ ní 1986, láti inú ohun tí físíìsì mọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ gidi. Àwọn kan ṣe é ní ọ̀nà tiwọn. Nínú Minecraft, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa mọ̀ dunjú, ìmọ́lẹ̀ iná ògùṣọ̀ jẹ́ 14, ẹyọ kan ni ó sì ń dín ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ó jẹ́ pé ní ayé wa, bí a bá jìnnà sí àtùpà ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin. Òfin tí kò jọ tiwa ni, ṣùgbọ́n òfin ni, kì í yẹ̀, ọmọ tí ó ń ta á sì mọ ibi tí òkùnkùn yóò ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi bá Minecraft jà.

Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Kí ẹni tí ń ṣe géèmù yan òfin ayé kan tí ó fẹ́ tàpá sí, kí ó mọ̀ ọ́n dáradára kí ó tó tàpá sí i, kí ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ ní ìdúró wọn. Kí ó sọ ohun tí ọfọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó pè é. Bí ọ̀nà kánàkò bá ká, kí ebi pa ẹni tí ó ká a tó ebi ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn ín. Bí ọdẹ bá di ọ̀gán, kí oòrùn ọ̀sán pa á bí ó ti ń pa ọ̀gán. Àwọn olùkọ́ físíìsì ní Ìdáàṣà, ní Ṣábẹ̀ẹ̀ àti ní Glazoué ní iṣẹ́ tí wọ́n lè mú nínú èyí lọ́la, láìná kọ́bọ̀: kí wọ́n fún kíláàsì ní oṣó kan, òkè kan àti oúnjẹ òòjọ́ kan, kí wọ́n sì bi wọ́n ní iye iná tí yóò jáde. Mo ti rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń sá fún ìbéèrè nípa gílóòbù àti wáyà tí wọ́n jókòó sórí ìbéèrè oṣó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, oyin tí àwọn wọ̀nyí rí nínú eré wọn sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn yóò fi ẹnu àáké ìṣirò lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́ iṣẹ́ géèmù ní Kútọnu, ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù, àpáta Ìdáàṣà wà níbẹ̀, ihò rẹ̀ wà, ìtàn ogun rẹ̀ wà, ojúbọ Nàná Bùkúù wà, oògùn àwọn ọdẹ rẹ̀ ní òfin tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni lókè òkun. Ẹ wá jókòó ti àwọn àgbà, ẹ béèrè ohun tí oògùn kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ olóògùn, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú géèmù náà ní ibi tí ọmọ yóò ti rí i, ní Yorùbá àti ní Faransé, kí àwọn tí yóò ta á nísàlẹ̀ òkè lè rí ohun gidi fi bá yín jiyàn.